Àgbàdo Wa Ti Dé Niamey Ṣáájú Mi

Wọ́n ní kí n lọ mú Sáfúrátù wálé kí ebi tó pa á. Wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń rán ènìyàn lọ ra ọṣẹ ní ìsọ̀ tó kángun sílé. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, Àáfà Yínúsà, ló pàṣẹ náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Igi ló fi ń tayín lọ́wọ́, nítorí ẹran tó jẹ lọ́sàn-án há sí i lẹ́yín. Ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò. Àwọn sójà ti gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ibodè pa, ogun ń jà níbi tí àlìkámà ti ń wá, omi gbé oko àwọn kan lọ, ọ̀dá sì pa tàwọn yòókù. Ó ní kò yẹ kí opó, ọmọ ìyá wa, jókòó sáàárín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ káwọ́ lérí.

"Àwáwù," ó ní, "ìwọ lo tẹ̀ lé e. Bí o kò bá mú un wá, má wulẹ̀ yà nílé mi."

Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tí òun kò lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni, ẹ̀gbọ́n sì ti tayín tán, ó ti ń tòògbé.

Àgbàdo ni mo ń tà ní Ìlọrin. Ìyá wa ló fi lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí lọ́jà mọ̀ pé ẹnu mi mú, pé ẹ̀yìn ń dùn mí, àti pé n kì í lọ síbi tí wọn kò bá pè mí. Ṣùgbọ́n ti Sáfúrátù yàtọ̀. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn títí tí ọkọ rẹ̀, olùkọ́ kéwú, fi mú un lọ sí Niamey. Nígbà tí ìyá wa kú, ibodè wà ní títì, kò rí ọ̀nà wá. Orí fóònù ló ti sunkún, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì ń gé ẹkún náà kélekèle. Láti ìgbà yẹn ni yàrá ìyá wa ti ṣófo. A gbá a, a tẹ́ ẹní sí i, a ní Sáfúrátù ni yóò máa sùn níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, mo fẹ́ kó wálé ju ẹni tó rán mi lọ.

Wọ́n di gààrí fún mi, odindi àpò kan, pé kí n gbé e fún àwọn tí ebi ń pa. Mo gbé e.

Afárá tí ewúrẹ́ nìkan ń gùn

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹ ti wọkọ̀ rí. A la ilẹ̀ Benin kọjá, a dé etí Odò Ọya, níbi tí afárá ńlá kan gbé sọdá sí Niger. Afárá náà gùn, ó rẹwà, ó sì wà ní títì. Àwọn ewúrẹ́ bíi mélòó kan nìkan ni mo rí lórí rẹ̀, wọ́n ń yan bí ìyàwó mínísítà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tọmọdé tàgbà ń wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ìjọba ti ibodè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọn kò rán ẹnikẹ́ni sí odò láti lọ sọ fún un.

Obìnrin kan tó jókòó tì mí fún mi ní máńgòrò. Mo ń wá ọ̀bẹ. Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi eyín ṣí tirẹ̀ fún mi wò, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń jẹun. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n a jọ fa èèpo máńgòrò náà títí a fi dé àárín odò, omi rẹ̀ sì ń ṣàn dé ìgúnpá wa.

Mo fi Háúsá tí mo gbọ́ díẹ̀ bi ọlọ́kọ̀ pé bí wọ́n bá mú wa ńkọ́. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Kala suuru," ó ní. Èdè Sàrámá ni, èdè àwọn ará Niamey. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àfi sùúrù. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń sọ ní Ìlọrin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó jọ pé sùúrù nìkan ni wọn kì í gba owó ibodè lórí rẹ̀.

Wọ́n to àpò sí ìdí ọkọ̀, wọ́n fi tapólì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo gbórí lé ọ̀kan, oorun sì gbé mi lọ. N kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àlejò tó gbọ́n kì í béèrè ohun tó wà lábẹ́ tapólì ẹlẹ́rù.

Àpò gààrí méjì

Àwa Yorùbá máa ń ṣe bí ẹni pé àwa la dá ìkíni sílẹ̀. Ẹ lọ sí Lamordé, ní òdì kejì odò tó la Niamey já, kí ẹ lọ wo àwọn tó ń kíni. Kí n tó fẹsẹ̀ kan àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi, àwọn obìnrin àdúgbò ti yí mi ká. Wọ́n bi mí nípa àlàáfíà mi. Wọ́n bi mí nípa ilé, nípa iṣẹ́, nípa ooru, nípa àárẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n tún padà sórí àárẹ̀. Wọ́n kọ́ mi ní "bani samay", pé àlàáfíà ni, mo sì ń fi í dá gbogbo ìbéèrè lóhùn, títí kan ìgbà tí ẹnì kan béèrè orúkọ mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé igbá kan wá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà tútù. Fúrá ni, àwọn ń pè é ní doonu. Ṣíbí onígi kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Èmi àlejò ni kí n kọ́kọ́ bù ú, gbogbo wọn sì dákẹ́, wọ́n ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi bóyá ó ń lọ. Ìgbà tí mo gbé e mì ni ṣíbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká láti ẹnu dé ẹnu. Mo rántí gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ wa nípa ṣíbí kan ẹnu púpọ̀. Nígbà tó tún kàn mí, mo tún bù ú. Ó dùn jọjọ.

Nàfísá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló gba ẹrù lórí mi. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ló lọ, ilé oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀.

"Tantie, o káàbọ̀," ó ní. "O fatigué?" Ó ń bi mí bóyá ó rẹ̀ mí ni.

Ní Ìlọrin, ẹni tó bá pe àbúrò ìyá rẹ̀ ní "o" yóò fi etí kan gbọ́ ìró ìgbátí. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná kó tó sọ ọ́, mo bá fi orí jì í.

Ìgbà yẹn ni Sáfúrátù jáde láti ilé ìdáná. Ó ti dàgbà. Ìrìn ìyá wa ló ń rìn. Ó dì mọ́ mi, ó sún sẹ́yìn, ó wò mí látòkè délẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Àwáwù, o ti rù."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ojú àánú nìkan ló lè rí irú rírù bẹ́ẹ̀.

"N kò rù, Àǹtí mi. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ebi ń pa."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ kò rí jẹ mọ́. Wọ́n ní kọ́ńgò ìrẹsì kan ní Nàìjíríà ti di ohun tí ọkùnrin fi ń ṣe ìdána."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Rédíò ni."

"Rédíò náà ló sọ fún wa."

Ó fà mí wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ àpò kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gààrí ni. Láti bí oṣù mélòó kan ló ti ń bù ú pamọ́ díẹ̀díẹ̀, pé ẹni tó bá ń lọ sí Ìlọrin ni òun yóò fi rán sí wa kí àwọn ọmọ má baà kú. Nàfísá gbé tèmi wọlé, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpò gààrí méjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Sáfúrátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ará àdúgbò fi wá bojú wò wá ní ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n bá mi kẹ́dùn náírà

Nàfísá mú mi lọ sí Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, kí n lọ fojú lóúnjẹ. Ó dà bí ọjà gidi, aṣọ rẹpẹtẹ, ariwo rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ohùn rẹ̀ á dẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ah, náírà," wọ́n á ní, wọ́n á sì mi orí. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn kẹ́dùn owó bí ẹni pé ó fi opó sílẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin kan, tó ń ta aṣọ àǹkárá, tó sì ti pẹ́ níbẹ̀, ní kí n fún òun ní náírà kan kí òun rí i. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú. "Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì lágbára," ó ní, ó sì dá a padà fún mi tọwọ́tọwọ́, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù.

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Láti ìgbà tí náírà ti wó ni àwọn tó ní sẹ́fà, owó ilẹ̀ Niger, ti ń wá kó ọkà lọ́jà wa bí ẹni ń ṣa máńgòrò tó jábọ́. Àwa ní Ìlọrin ń bú wọn. Yínúsà ẹ̀gbọ́n wa ló ń ké jù, ó ní àwọn ará ìta ló ń kó oúnjẹ lẹ́nu ọmọ wa, ó sì ń kó àwọn olórí ọjà jọ kí a fi ẹnu kò pé a kò ní ta fún wọn mọ́. Èmi náà bú wọn nínú ìpàdé. N kì í tà fún wọn. Oníbàárà tó ń ra tèmi jù, Ìbàdàn ló ti ń wá. Ó ní adìẹ lòun ń sìn.

Oògùn oníhóró

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí: ó ń se kókó àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbà, ó sì ń dín pọfupọfu alálìkámà tì í. Ìkòkò rẹ̀ tóbi tó pé ọmọ lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Láàárọ̀, àwọn ọmọ náà á tò, oorun lójú, ìwé lábíyá.

Pọfupọfu náà ti kéré. Mo ti rí ẹ̀wà tó tóbi jù ú lọ. Ìyẹ̀fun àlìkámà ti gbówó lórí láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn lọ́hùn-ún, ó sì tún gbówó lórí nígbà tí wọ́n ti ibodè, kò sì sọ̀ mọ́, nítorí ohun tó bá gòkè lọ́jà kì í mọ ọ̀nà àbọ̀. Sáfúrátù kò fẹ́ fi owó lé e, ó bá ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Àwọn ọmọ náà ti wá sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní "comprimé", oògùn oníhóró.

"Tantie Safou, deux comprimés," ni ọ̀kan wí, pé kó fún òun ní hóró méjì.

"Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́," ni èkejì dá a lóhùn ní Faransé, "kó tó jẹun o."

Nàfísá ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Ó na ṣíbí kókó sí wọn. "Àwọn tó ń jagun ni kí ẹ lọ bú," ó ní. "Wọn kò mọ Lamordé, wọn kò sì tọ́ kókó mi wò rí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi pọfupọfu mi ṣe."

Ṣíbí náà ni mo ń wò. Igi ni, ó gùn, wọ́n sì fi onírúurú àkísà so ọwọ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, òmíràn ti dúdú fún èéfín.

"Àǹtí mi, kí lẹ so àkísà mọ́ ṣíbí oúnjẹ sí?"

"Kó má baà jó mi lọ́wọ́ ni."

Mo jẹ́ kó bù ú tán fún àwọn ọmọ náà, mo wá sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní yàrá Ìyá wà ní gbígbá. Mo ní Àáfà Yínúsà ní kí n má padà láìsí i. Mo ní èmi fúnra mi kò ní ẹni tí mo lè bú tí yóò bú mi padà dáadáa láti ìgbà tó ti lọ. Ó ń fọ ìkòkò.

"Bá mi lọ sí ọjà Katako lọ́la," ó ní. "Àgbàdo mi ti ń tán."

Ẹni tó ń fi etí ra àgbàdo

Katako ni ibi tí wọ́n ti ń lu irin, tí wọ́n ti ń la pákó, tí ẹni tó ń ta ọkà sì ní láti pariwo ju àwọn méjèèjì lọ. Hama ni orúkọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá rajà, ọkùnrin Sàrámá kan tó ga, tó ń rẹ́rìn-ín kó tó dárúkọ owó. Ó to àpò jọ dé òrùlé.

Ojú tì mí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá alágbàdo, kò ki ọwọ́ bọ àpò, kò bù sẹ́nu, kò gbóòórùn rẹ̀. Ó kàn ń yí àwọn àpò náà ká, ó ń fọwọ́ kan etí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bó ṣe máa ń rà á nìyẹn," Hama sọ fún mi ní Háúsá. "Etí ló fi ń ra àgbàdo. Àwọn yòókù ń yọ mí lẹ́nu nípa kòkòrò, etí nìkan ni tirẹ̀."

Mo ṣí ẹnu láti kọ́ ọ ní ọjà rírà. Ó dúró nídìí àpò kan. "Èyí," ó ní. Mo wo àpò náà, ẹnu mi kò sì lè padé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò ta ọkà rí. Inú ọkọ̀ kan náà ni ẹrù ènìyàn púpọ̀ ń wọ̀, íńkì tí a bá sì fi kọ orúkọ sára àpò á pa rẹ́ kí ọkọ̀ tó jáde nílùú. Nítorí náà, olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń rán ẹnu àpò tirẹ̀. Ìyá wa máa ń ti abẹ́rẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta á dá a padà kọjá lórí ara rẹ̀, á sì ya aṣọ ìró tó ti gbó, á so ó mọ́ etí òsì. Ilé wa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ èmi àti Sáfúrátù nígbà tí abẹ́rẹ́ náà ṣì gùn ju ọwọ́ wa lọ.

Bí wọ́n ṣe rán àpò tó wà níwájú mi nìyẹn. Aṣọ tó wà ní etí òsì rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹyẹ aláró wà lára rẹ̀. Ìró mi ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ya á lẹ́yìn Iléyá.

"Adìẹ Ìbàdàn," mo ní.

"Kí ló ní?" Hama béèrè.

Mo fi Háúsá mi tó ń tiro ṣàlàyé fún un pé àgbàdo mi ni, pé èmi ni mo tà á, pé èmi ni mo rán an. Hama rẹ́rìn-ín títí tó fi di àpò mú. Ó ní bó bá jẹ́ tèmi ni, kí n bá òun sọ fún ẹni tó ni ín kó dín owó rẹ̀ kù, nítorí ó wọ́n. Mo ní kí ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Ó ka ọkọ̀, ó ka ọlọ́pọ́n, ó ka àwọn tó dúró lójú ọ̀nà. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Kala suuru."

Mo ti gbé gààrí lórí láti Ìlọrin, mo ń ṣàánú Niamey. Àgbàdo mi sì ti ń bẹ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní ìwé ìrìnnà. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé òun ni mo gbórí lé nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.

Ọwọ́ ta ni

Nílé, Sáfúrátù gbé ṣíbí kókó náà lé mi lórí ẹsẹ̀.

"Ọdún tí mo kọ́kọ́ rí àpò yín, bàbá Nàfísá ṣì wà láyé," ó ní. "Mo jókòó sílẹ̀ ní Katako, mo sunkún. Hama rò pé owó ọjà ló dùn mí, ó bá dín in kù. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ẹ jí."

"Ṣebí a máa ń pè yín lórí fóònù?"

"Ta ló ń sọ òótọ́ lórí fóònù? 'A wà, a wà,' ni gbogbo yín ń wí. Nígbà tí wọ́n ti ibodè, kò sí àpò mọ́. Mo ń lọ sí Katako lásán, mo ń wo etí àpò ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tó tún padà dé, mo wo ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ Ìyá. Ọwọ́ tìrẹ ni. O máa ń kánjú níbi ìkẹta, okùn á dẹ̀. Mo sọ fún Nàfísá lọ́jọ́ náà pé ara màmá àgbà kò yá. Ẹ kò tíì sọ fún mi."

A kò sọ fún un lóòótọ́. Yínúsà ló ní kí a má sọ ọ́, pé kí a má kó ọkàn ẹni tó wà lẹ́yìn ibodè sókè. Ọjọ́ tí Ìyá kú la tó pè é. A rò pé a ti pa á mọ́ fún un, òun sì ti ń fi kókó ṣe sàráà nítorí Ìyá láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀.

Mo wo ọwọ́ ṣíbí náà. Mo fi èékánná ha èéfín kúrò: aṣọ etí àpò wa ni gbogbo àkísà náà. Aláró tí Ìyá máa ń ró lọ sọ́jà wà níbẹ̀. Olómi ewé tó ró nígbà ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi wà níbẹ̀, mo rò pé a ti fi nu ilẹ̀ tipẹ́. Ní òkè pátápátá ni aṣọ ìró tèmi bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí débi pé n kò lè bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn kì í sì í ṣe mí.

Nàfísá wá jókòó tì wá. "Tantie, c'est le marché mondial," ó ní. "Ogun wà níbì kan, dọ́là lọ sókè, náírà wá sílẹ̀, àgbàdo wá ń lọ ibi tí owó wà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn."

"Ọjà àgbáyé tó o ń sọ yìí," mo ní, "ìsọ̀ wo ni ìyálọ́jà rẹ̀ ń jókòó sí? Mo fẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀."

Mo wá sọ fún Sáfúrátù nípa ìpàdé tí Yínúsà ń pè. Mo ní wọ́n fẹ́ dá títa fún àwọn ará ìta dúró. Ó ń fi ọwọ́ ra àkísà ṣíbí náà.

"Ìyà ń jẹ ẹ̀yin náà," ó ní. "N kò ní sọ pé kí àwọn ọmọ yín má jẹun nítorí tèmi."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, Àǹtí mi."

"Àwọn ọmọ tó ń bú pọfupọfu mi yẹn, ẹlòmíràn nínú wọn kò ní fi ẹnu kan nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọmọ mi wà níbí. Ilẹ̀ ibí ni ọkọ mi sùn sí. Bí mo bá padà sí Ìlọrin, màá jókòó sí yàrá Ìyá, ẹ óò máa wá ohun tí mo máa jẹ." Ó gba ṣíbí náà padà lọ́wọ́ mi. "Ilé ń wá bá mi níbí, Àwáwù. Ẹ kàn má dá a dúró lójú ọ̀nà, bí ẹ bá lè ṣe é."

N kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ tí mo ń lọ, ó lọ àgbàdo tó rà ní Katako ní ẹ̀rọ, ó di ìyẹ̀fun rẹ̀ fún mi. Mo ní àgbàdo mi lẹ fẹ́ fún mi. Ó ní òun ló rà á, kí n ṣẹnu mi ní méní.

Tùwó

"Òun dà?" ni Àáfà Yínúsà fi kí mi káàbọ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé mo gbé e pamọ́ sínú ìró.

Mo ní kó jẹ́ kí n dáná ná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo fi ìyẹ̀fun Sáfúrátù ro tùwó, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún ìjókòó ṣe.

"Àgbàdo àwọn ará Niger yìí mà dùn ju tiwa lọ," ó ní. "Kí ni wọ́n ń fi sí oko wọn?"

Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Mo wá sọ fún un láti orí adìẹ Ìbàdàn dé orí ọwọ́ ṣíbí. Nígbà tí mo dé ibi tí Sáfúrátù ti mọ̀ pé ara Ìyá kò yá, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wo ìhà yàrá Ìyá. Ó wẹ ọwọ́, ó nu ún, ó tún wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ náà mọ́.

"Ìpàdé àwọn olórí ọjà yẹn," ó ní, "n kò rò pé màá lè lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

N kò mọ ẹni tó jàre. Ebi wà nílé wa náà, n kò ní purọ́, mo sì mọ àwọn tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ mi ní agolo kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ra kọ́ńgò tẹ́lẹ̀. Mo ti ń ya tiwọn sọ́tọ̀ báyìí kí n tó ta fún ẹlẹ́rù èyíkéyìí. Ẹni tó bá ní ohun tó sàn ju ìyẹn lọ, kó wá sọ fún mi ní ìsọ̀, kó mú ìjókòó tirẹ̀ dání.

Oníbàárà mi dé lẹ́yìn ọjà mélòó kan. Mo bi í pé báwo làwọn adìẹ Ìbàdàn. Ó ní wọ́n ń yé dáadáa. Mo ní kó bá mi kí wọn, ní pàtàkì èyí tó ń se kókó. Ó wo ojú mi, ó sì wo ilẹ̀.

Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ alábàárù, mo jókòó, mo rán ẹnu àwọn àpò náà fúnra mi. Ní gbogbo ibi ìkẹta, mo dúró, mo jẹ́ kí okùn náà dẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, kí ẹnì kan má baà fọwọ́ kàn án ní Katako, kó sì rò pé ara mi kò yá.